Ìríran Tí Kò Já Gaara Lẹ́yìn Abẹ: Ìtàn Ìtọ́jú Kàtárákítì láti Ayé Abẹ́rẹ́ títí dé Ayé Lẹ́ńsì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú l'ọba ara. Bí ọba bá sì ń ṣàìsàn, kò sí ìjòyè tí ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, ní gbogbo ilẹ̀ tí ìtàn dárúkọ, àwọn ènìyàn kò yéé wá ẹni tí yóò la ojú afọ́jú. Ìtàn iṣẹ́ náà ti di kíkọ lọ́pọ̀ ìgbà; ṣùgbọ́n bí wọ́n ti máa ń kọ ọ́ ni pé a la ojú aláìsàn, ó ríran, inú ẹbí dùn, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn náà ní oṣù kẹta tàbí ní ọdún kejì kì í sábà sí nínú ìwé.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti ayé àtijọ́ títí di òní, kò sí ìgbà kan tí a kò rí lára àwọn tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ kàtárákítì fún tí wọ́n ń padà wá pẹ̀lú ẹjọ́ tuntun lẹ́nu. Ọ̀kan yóò ní kùrukùru tún ti ń bo òun lójú. Òmíràn yóò ní iná mọ́tò lóru ń yọ ìtànṣán yíká bí òòrùn ọ̀sán. Òmíràn yóò ní ohun kan ṣoṣo ń di méjì. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ yóò máa rí àwọn ènìyàn tí kò sí ní ìyàrá. Àwọn ará ilé a máa ka irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sí àìmoore, tàbí sí ìṣe arúgbó, tàbí sí iṣẹ́ ayé. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wọ̀nyí ní ìtàn tiwọn. Bí a bá tọ ipasẹ̀ ìtàn náà, a ó rí i pé gbogbo ọ̀nà tuntun tí a gbà tọ́jú àrùn yìí ni ó wá láti wo ohun tí ọ̀nà àtijọ́ fi sílẹ̀ lójú aláìsàn, tí òun náà sì tún fi nǹkan tirẹ̀ sílẹ̀. A ó sì rí i pé ohun tí ó ń ba iṣẹ́ rere jẹ́ ni kí oníṣẹ́ abẹ àti aláìsàn túká nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tíì parí.

Ìlú Ọ̀jọ́ jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a fi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú Àwórì ni, lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Badagry, Ìbá àti Òkókómáíkò sì wà ní agbègbè rẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà níbẹ̀. Ọjà Alábà wà níbẹ̀. Ọgbà àwọn ọmọ ogun ojú omi pẹ̀lú ilé ìwòsàn wọn wà níbẹ̀. Nínú ìlú tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn apẹja, àwọn oníṣòwò àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì kò ṣọ̀wọ́n, àwọn tí wọ́n ti dé ọjọ́ orí tí kàtárákítì máa ń mú ènìyàn. Ìtàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè ni yóò bá wọn lálejò nígbẹ̀yìn.

I. Ohun tí àrùn náà jẹ́

Nínú ẹyinjú, lẹ́yìn ọmọlójú gan-an, ni lẹ́ńsì wà. Ó mọ́ gaara. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ojú kan lórí rẹ́tínà, èyí tí í ṣe awọ ẹ̀yìn ojú tí ń gba àwòrán ohun gbogbo tí a ń wò. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, èròjà inú lẹ́ńsì a máa ṣù pọ̀, a sì máa ṣókùnkùn tàbí kí ó funfun. Ó dà bí ẹyin adìẹ: omi tí ó yí pupa ẹyin ká mọ́ gaara kí a tó sè é, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí iná, ó di funfun, ìmọ́lẹ̀ kò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá mọ́.

Ẹyin tí a ti sè kì í padà di tútù. Bákan náà ni kò tíì sí àgbo tàbí oògùn àkánsójú kan tí a fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé ó lè sọ lẹ́ńsì tí ó ti funfun di mímọ́. A ní láti mú un kúrò lójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ni. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ó wà nínú gbogbo ìtàn yìí: báwo ni a ó ṣe mú lẹ́ńsì tí ó bàjẹ́ kúrò, kí ni a ó sì fi ṣe iṣẹ́ tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀? Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti mọ ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní. Ìbéèrè kejì ni ó gbà wọ́n ní àkókò gígùn.

II. Ayé abẹ́rẹ́

Ọ̀nà tí ó pẹ́ jùlọ ni ti abẹ́rẹ́. Àwọn ìwé ìṣègùn Íńdíà àtijọ́ tí a ń pe orúkọ Sushruta mọ́ sọ nípa rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Lárúbáwá mọ̀ ọ́n. Ó sì di iṣẹ́ àjogúnbá fún àwọn ìdílé kan ní ilẹ̀ Haúsá, tí wọ́n ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú títí dé apá gúúsù. Oníṣẹ́ náà kì í mú lẹ́ńsì jáde. Yóò fi abẹ́rẹ́ tàbí irin ṣóńṣó gún ẹyinjú, yóò sì ti lẹ́ńsì funfun náà lulẹ̀ sínú omi ẹyinjú, kúrò níwájú ọmọlójú. Lójú ẹsẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yóò wọlé. Aláìsàn tí kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru yóò ka ìka ọwọ́ tí a nà sí i. Ẹnu yóò ya ará ilé, a ó san owó, oníṣẹ́ yóò sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e ni ìtàn gidi bẹ̀rẹ̀. Ojú tí kò ní lẹ́ńsì kò lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ, nítorí náà gbogbo nǹkan ni ó rí ràkọ̀ràkọ̀, bí ẹni tí ń wo ayé láti ìsàlẹ̀ omi. Lẹ́ńsì tí a tì lulẹ̀ lè léfòó padà sójú ọ̀nà. Ó lè tú sínú ẹyinjú, kí ojú wú, kí ó sì pọ́n. Ìdọ̀tí tí abẹ́rẹ́ gbé wọlé lè sọ gbogbo ẹyinjú di ọyún. Ìfúnpá inú ojú lè ga sókè títí tí yóò fi pa okùn tí ó so ojú pọ̀ mọ́ ọpọlọ. Nígbà tí gbogbo èyí bá fi ṣẹlẹ̀, oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ ti dé ìlú kẹta.

Kì í ṣe ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1750, John Taylor, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń gbé iṣẹ́ ojú kiri gbogbo Yúróòpù, ṣiṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún Johann Sebastian Bach, olórin ńlá ilẹ̀ Jámánì, ní ìlú Leipzig. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ṣe é láàrin ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀. Ojú Bach kò là. Ara rẹ̀ kò sì yá mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún náà. Àṣà Taylor ni láti di ojú aláìsàn ní aṣọ, kí ó pàṣẹ pé kí wọ́n má tètè tú u, kí òun náà sì ti jáde ní ìlú kí ọjọ́ títú tó pé.

Ní Nàìjíríà, àkọsílẹ̀ tí ó fi ojú ọ̀rọ̀ hàn gbangba ni ti ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè tí a ṣe láàrin ọdún 2005 àti 2007. Àwọn ènìyàn 13,599 tí wọ́n ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a yẹ ojú wọn wò. A rí i pé ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó fọ́jú, àti pé kàtárákítì ni ó fa ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́jú náà. Èyí tí ó kọni lóminú jùlọ ni pé, nínú gbogbo ojú tí a ti fọwọ́ kàn nítorí kàtárákítì, ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni a fi tì í, kì í ṣe abẹ ilé ìwòsàn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ojú wọ̀nyí ni ó fọ́ nígbẹ̀yìn. Ayé abẹ́rẹ́ kò tíì di ìtàn àtijọ́ ní ilẹ̀ yìí.

III. Ayé awò nípọn

Jacques Daviel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó mú àyípadà ńlá kìíní wá. Ní ọdún 1747 ni ó la iwájú ẹyinjú, tí ó sì mú lẹ́ńsì tí ó bàjẹ́ jáde pátápátá dípò kí ó tì í lulẹ̀. Ó ròyìn iṣẹ́ náà fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Paris, ìròyìn náà sì jáde ní ọdún 1753. Láti ìgbà náà, lẹ́ńsì kò tún ní léfòó padà mọ́, nítorí kò sí nínú ojú mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì ṣì wà nílẹ̀: ta ni yóò máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ?

Awò ojú ni a fi dáhùn. Kì í ṣe awò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí akọ̀wé ń lò. Awò tí àárín rẹ̀ wú bí ìkòkò ni, tí agbára rẹ̀ tó díọ́pítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún igba ọdún ó lé, òun ni ìrètí àwọn tí a ti yọ lẹ́ńsì ojú wọn ní gbogbo ayé. Ní Nàìjíríà, ní àwọn ilé ìwòsàn míṣọ́nnárì, ní ilé ìwòsàn ńlá ti Ìbàdàn tí a ṣí ní ọdún 1957, àti ní LUTH ní Ìdí-Àràbà lẹ́yìn rẹ̀, irú awò bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn ń gbé relé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí awò yìí ń ṣe sí ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ó ń sọ ohun gbogbo di ńlá ju bí ó ti rí lọ, ní ìwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí nínú mẹ́ta. Nítorí pé nǹkan tóbi, ó dà bí ẹni pé ó súnmọ́ tòsí. Ìyá àgbà yóò na ọwọ́ sí ife omi, ọwọ́ rẹ̀ kò ní dé ibẹ̀. Òpó ilé tí ó dúró ṣánṣán yóò tẹ̀ lójú rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ awò, ibì kan wà tí kò ní rí ohunkóhun rárá, bí òrùka òkùnkùn tí ó yí ìríran rẹ̀ ká. Ẹni tí ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ yóò wọ inú òrùka náà, yóò pòórá, lẹ́yìn náà yóò yọ gàdà sí i níwájú, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọdé tí ń ṣe bojúbojú. Bí ó bá sì jẹ́ ojú kan ni a ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí èkejì ṣì ń ríran, ọ̀rọ̀ a tún burú sí i: ojú kan ń wo ènìyàn ńlá, èkejì ń wo ènìyàn kékeré, ọpọlọ kò sì lè pa méjèèjì pọ̀. Bí awò bá wá fọ́ tàbí tí ó sọnù, aláìsàn padà sínú òkùnkùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ náà kò ní àbùkù kankan.

Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí di mímọ̀ jùlọ ni Claude Monet, ayàwòrán ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kìíní ọdún 1923 ni Charles Coutela ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, ó di dandan kí ó tún ṣe òmíràn, nítorí pé àpò tí ó wà lẹ́yìn lẹ́ńsì ti ṣókùnkùn. Nígbà tí Monet wọ awò, ó ń bínú pé ohun gbogbo wọ́, pé àwọ̀ gbogbo ti yí padà: ìgbà kan ó rí ohun gbogbo ní yẹ́lò, ìgbà mìíràn ní búlúù. Ohun tí ó fa ti búlúù kò ṣòro láti mọ̀. Lẹ́ńsì arúgbó máa ń dà bí epo, kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá tó bí ó ti yẹ. Bí a bá yọ ọ́ lójijì, búlúù yóò rọ́ wọlé bí omi tí ó já ògiri. Wọ́n pààrọ̀ awò fún un lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Nígbẹ̀yìn ó gba awò tí ó bá a mu, ó bo ojú kejì kí àwòrán méjì má baà máa jà, ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1926. Kò gbà kí a fọwọ́ kan ojú òsì rárá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìkanra rẹ̀ kì í ṣe àìmoore. Ìròyìn òtítọ́ ni nípa ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, àti pé nítorí pé dókítà kò kọ̀ láti gbọ́ ọ ni a fi rí ọ̀nà àbáyọ.

IV. Ayé lẹ́ńsì inú ojú

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ipa tirẹ̀ nínú ìgbésí ayé ẹni tí ó yí ìtàn yìí padà. Harold Ridley, dókítà ojú ní London, wà nínú iṣẹ́ ológun ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí, láti ọdún 1941. Ní Funsi, ní apá àríwá ilẹ̀ náà, ó ṣe ìwádìí lórí àrùn tí ń fọ́ àwọn ará etí odò lójú, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1945. Nígbà ogun kan náà, ó ti tọ́jú awakọ̀ òfuurufú tí àfọ́kù fèrèsé ọkọ̀ wọn wọ̀ lójú, ó sì kíyèsí pé irú ike tí a fi ṣe fèrèsé náà lè wà nínú ẹyinjú fún ìgbà pípẹ́ láìmú kí ojú wú. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó dúró wo iṣẹ́ abẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé ó ṣe ni láàánú pé a yọ lẹ́ńsì, a kò sì fi òmíràn dípò. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní ilé ìwòsàn St Thomas', Ridley bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífi lẹ́ńsì ike sínú ojú ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àṣeyọrí ńlá ni, ṣùgbọ́n ojú àkọ́kọ́ náà kò ríran já gaara. Agbára tí a fún lẹ́ńsì náà pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, obìnrin náà sì di ẹni tí kò lè rí ohun tí ó jìnnà láìlo awò tí ó lágbára gidigidi. Ridley ṣe ìṣirò mìíràn, ti ẹni kejì sì dára jù ú lọ. Èyí ni orísun ohun tí ilé ìwòsàn ń ṣe lónìí, pé kí a fi ẹ̀rọ wọn gígùn ẹyinjú aláìsàn kí a tó yan lẹ́ńsì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ Ridley tako iṣẹ́ náà fún ọdún púpọ̀. Ọdún 2000 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fún un ní oyè Sir, ọdún kan kí ó tó kú.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Aurolab bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú ní Madurai, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 1992, ohun tí ó ti jẹ́ ti olówó di ohun tí tálákà náà lè ní. Láti àkókò náà ni awò nípọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní ilẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì tuntun nílò ibi tí yóò gbé. Àpò lẹ́ńsì àtijọ́ ni a fi sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú awọ rẹ̀ ẹ̀yìn. Bí àgbẹ̀ ti lè ro oko mọ́ tónítóní kí gbòǹgbò koríko sì ṣẹ́kù nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹyọ ara kéékèèké máa ń ṣẹ́kù nínú àpò náà. Lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, wọ́n a máa hù bo awọ ẹ̀yìn, kùrukùru a sì padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kàtárákítì ti hù padà. Kò rí bẹ́ẹ̀, àpò ni ó bò. Láyé Monet, abẹ ni a fi ń la àpò náà. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Danièle Aron-Rosa ní Paris àti Franz Fankhauser ní Bern fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ lésà lè lu ihò sí àpò náà láti ìta, láìla ojú rárá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà. Aláìsàn yóò jókòó níwájú ẹ̀rọ, yóò sì rìn lọ sílé. Ó ṣeni láàánú pé ẹni tí kò mọ̀ pé irú ìtọ́jú yìí wà lè jókòó sínú kùrukùru fún ọdún mẹ́wàá.

V. Àwọn ẹjọ́ tí ó kù, àti ìtọ́jú wọn

Ẹjọ́ tí ó wọ́pọ̀, tí ó sì rọrùn jùlọ láti yanjú, ni ti agbára lẹ́ńsì tí kò bá ojú mu dáadáa. Awò ojú lásán ni ìtọ́jú rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí ti ọdún 2005 sí 2007 fi awò tí ó yẹ dán àwọn tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wò, iye àwọn tí ó ríran dáadáa pọ̀ sí i. Ẹ̀rí nìyí pé àwọn kan wà nínú òkùnkùn nítorí pé a kò fún wọn ní awò tí ó yẹ.

Ẹjọ́ kejì ni ti àárín rẹ́tínà tí ó wú ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Irvine ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1953, Gass àti Norton sì fi àwòrán ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú fi ìdí rẹ̀ hàn ní ọdún 1966. Ẹni tí ó ti ń kàwé dáadáa yóò rí i pé àárín ọ̀rọ̀ tún ti ń ṣókùnkùn. Oògùn àkánsójú tí ń lé wíwú ni a sábà fi ń tọ́jú rẹ̀, ó sì máa ń lọ bí a bá tètè mú un.

Ẹ̀kẹta ni ti ìmọ́lẹ̀ àti òjìji. Etí lẹ́ńsì tuntun lè tú ìmọ́lẹ̀ ká, tí aláìsàn yóò fi máa rí òrùka tàbí ọfà iná. Tàbí kí òjìji kan rí bí oṣù lẹ́lẹ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, èyí tí Davison fún ní orúkọ nínú ìwé ìṣègùn ní ọdún 2000. Ẹni tí ń wakọ̀ lóru láti Mile 2 sí Òkókómáíkò, tí iná ọkọ̀ ń tàn wá láti iwájú, yóò mọ ìnira rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń dín kù láàrin oṣù díẹ̀, nítorí pé ọpọlọ a máa kọ́ láti fojú fò wọ́n. Díẹ̀ ni ó le dé ibi tí a fi ní láti pààrọ̀ lẹ́ńsì tàbí kí a yí ipò rẹ̀ padà. Àlàyé ni ìtọ́jú kìíní: ẹni tí a ti sọ fún ṣáájú kì í bẹ̀rù bí ẹni tí a kò sọ fún.

Ẹ̀kẹrin ni ti àrùn mìíràn tí ó ti wà lẹ́yìn kàtárákítì kí a tó fọwọ́ kan ojú. Glọkómà, tí ó tẹ̀lé kàtárákítì nínú ohun tí ń fọ́ ojú ní Nàìjíríà, ni olórí wọn. Bí a bá ṣí aṣọ fèrèsé tí ògiri ẹ̀yìn ilé sì ti wó, ìmọ́lẹ̀ yóò wọlé, ṣùgbọ́n kò ní rí ibi tí yóò tàn sí. A kò lè dá ohun tí glọkómà ti mú lọ padà. Èyí tí ó kù ni a lè fi oògùn dáàbò bò.

Ẹ̀karùn-ún ni ó jinlẹ̀ jùlọ. Ní ọdún 1760, Charles Bonnet, onímọ̀ ilẹ̀ Swítsàlandì, kọ ìtàn bàbá ìyá rẹ̀, Charles Lullin, àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ kàtárákítì fún, tí ìríran rẹ̀ sì tún ti rẹ̀yìn. Lullin ń rí àwọn ọkùnrin, àwọn obìnrin, àwọn ẹyẹ àti àwọn ilé tí kò sí níbẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ sì pé, ó mọ̀ pé wọn kì í ṣe òtítọ́. Ohun tí ó fà á ni pé ọpọlọ tí ojú kò fún ní àwòrán tó a máa ya àwòrán tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, arúgbó tí ó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí jáde lè gba orúkọ wèrè tàbí ti àjẹ́, nítorí náà púpọ̀ wọn kì í sọ ọ́. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí dókítà yẹ ojú wò bóyá ohun tí a lè túnṣe kù, kí ìmọ́lẹ̀ ilé pọ̀ tó, kí a sì là á yé aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ pé kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé.

Yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí, àmì díẹ̀ wà tí kò gba ìdúró di ọ̀la: kí ojú máa dunni kí ó sì pọ́n, kí ìríran lọ lójijì, kí mànàmáná máa kọ nínú ojú, kí ẹ̀ẹ̀kán dúdú pọ̀ lójijì, tàbí kí òjìji sọ̀ kalẹ̀ bí aṣọ ìkélé. Ilé ìwòsàn ni ti ìwọ̀nyí, lọ́jọ́ kan náà.

VI. Ohun tí ìtàn náà béèrè ní Ọ̀jọ́

Nígbà ìjọba Bọ́lá Tinúbú, láàrin ọdún 1999 àti 2007, ni Ìpínlẹ̀ Èkó dá ètò Jigi Bọ́lá sílẹ̀, tí a fi ń yẹ ojú àwọn ará ìlú wò, tí a sì ń fún wọn ní awò ojú àti iṣẹ́ abẹ kàtárákítì lọ́fẹ̀ẹ́. Jígí ni ará Èkó ń pe awò ojú, orúkọ náà sì wọ ìgboro. Ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe níbikíbi kò kéré, nítorí owó ni ó ń dí ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, iye ojú tí a ṣí ni ó rọrùn láti kà. Iye ojú tí ó ríran ní ọdún kan lẹ́yìn náà ṣòro púpọ̀ láti kà.

Ó ṣòro nítorí ọ̀nà jìn. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìkẹjà, LUTH sì wà ní Ìdí-Àràbà. Arúgbó tí ó fẹ́ padà lọ fún àyẹ̀wò ní láti la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Badagry kọjá, pẹ̀lú ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ mú un lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ni ó dúró sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Òkókómáíkò ni a fi ṣe òpin rẹ̀ nínú ètò. Bí ìríran kò bá já gaara mọ́, ó rọrùn fún àgbà láti sọ pé ohun tí òun rí tó, kí ó sì dákẹ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti rí àṣìṣe tí ó wà nínú kíka iṣẹ́ abẹ nìkan. Ní ọdún 2021, ìpàdé àpapọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé, kí ó tó di ọdún 2030, kí iye àwọn tí ó nílò iṣẹ́ kàtárákítì tí wọ́n sì rí i gbà lọ sókè ní ìwọ̀n 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Òṣùwọ̀n tí a fi lélẹ̀ sì ni pé ẹni tí ìríran rẹ̀ dára lẹ́yìn iṣẹ́ nìkan ni a ó kà. Ìgbà tí a bá kà á báyìí, ẹjọ́ aláìsàn di apá kan nínú iṣẹ́ náà gan-an.

Àwọn àgbà ní ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣe ipin. Ṣùgbọ́n ojú tí a tún là nírọ̀lẹ́ ayé, bí ó bá ṣe ipin, ẹnì kan ni ó yẹ kí ó bá a wò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Ọ̀jọ́, olùkọ́ tí ń gbé ní Ìbá, ọmọ tí ń tajà ní Alábà, kò sí èyí tí kò lè bi àgbà ilé rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé ìríran rẹ ṣì rí bí ti ọjọ́ tí a tú aṣọ? Kí ni o ń rí tí o kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni? Ìgbà wo ni o lọ rí dókítà kẹ́yìn? Bach kò rí ẹni tí yóò dúró tì í títí. Monet rí, ó sì ya àwòrán títí di òpin ayé rẹ̀.